Bàbá Alálùbọ́sà àti Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Wẹ̀ ní Jímọ̀

Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa àgbà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ. Alájà, ìyá wa àgbà, tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ọ́ níta, kí àwọn èèyàn má bàa rò pé mo ti ń retí ikú ọkọ àwọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an, nítorí pé mo sì fẹ́ràn wọn ni ọ̀rọ̀ kan ṣe ń já mi láyà fún ọdún bíi mélòó kan: kí wọ́n má lọ kú kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù tó dárí jì wọ́n. Wọ́n ti fi orúkọ Ọlọ́run búra mọ́ ọkùnrin náà ní gbangba, ọkùnrin náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bùráímọ̀ ni orúkọ wọn, àmọ́ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, Bàbá Alálùbọ́sà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Èbúté Èrò ni wọ́n ti ń ta àlùbọ́sà, àpò-àpò ni wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń tún un tà. Àwọn Haúsá ló ń kó o wá fún wọn láti òkè Ọya, bàbá wa sì gbọ́ èdè wọn débi pé òun ni wọ́n fi máa ń bú wa nílé nígbà tí wọn kò bá fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé inú ń bí wọn. Alájà kò gbà pé Haúsá gidi ni. Wọ́n á ní, "Èyí tí ẹ ń sọ yẹn, àpò àlùbọ́sà nìkan ló lè dá yín lóhùn."

Ohun tí bàbá wa kórìíra jù láyé ni òórùn àlùbọ́sà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àlùbọ́sà ni wọ́n fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọn níwèé, òun ni wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ lára ohunkóhun tó bá ti kúrò lọ́jà. Bí wọ́n bá ti Èbúté Èrò dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn títí wọ́n á fi wẹ̀ tán. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn á ti wà ńlẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ti là sí méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ìgbà tí wọ́n bá ti wọ jalàbíà funfun tán ni wọ́n tó ń di bàbá wa.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bó ara wọn báyìí. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ru àpò lórí, wọ́n ti ọjà lọ kírun Jímọ̀ láìwẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àlùfáà ń wàásù pé kí ẹni tó bá jẹ àlùbọ́sà tútù má sún mọ́ mọ́sálásí. Bàbá wa kò jẹ ẹ́, wọ́n kàn rù ú ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ìlà ìrun wò wọ́n, ó di imú, ó bá tirẹ̀ lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, ojú sì ń tì wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣìdí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́."

Nígbà tí wọ́n wá lówó lọ́wọ́, wọ́n ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé láti Ìkòyí. Mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà, nítorí àwọn tó ṣe é kò ṣẹ̀ mí. Dúdú ni, ó ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi epo pa, awọ pupa ni wọ́n fi bo àga inú rẹ̀, igi dídán sì wà níwájú awakọ̀. Ó tóbi ju àdúgbò wa lọ. Bí ó bá wọ àárín àwọn ilé, ògiri á kàn án lápá kan, tí bàbá wa á fi gba orí àga kejì kọjá kí wọ́n tó lè bọ́ sílẹ̀, tàwọn ti agbádá, bí ọmọdé tó ń gun ibùsùn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

Òfin inú ọkọ̀ náà kò pọ̀: ẹni tó bá ti ọjà bọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìwẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ń ta gan-an, bàbá wa bá Alájà lójú ọ̀nà, wọ́n ń ti Èbúté Èrò bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Òfin kò yọ ìyàwó sílẹ̀. Bàbá wa kò lè sọ pé kí wọ́n wọlé, wọn kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ, ni wọ́n bá ń wa ọkọ̀ náà ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya wọn, wọ́n yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí dé ilé. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá wòran. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Alájà sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n na ìka sí ọkọ̀ náà. "Ọmọ márùn-ún lèmi bí fún yín. Èyí ò tíì bí ọ̀kan."

Ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ni ọ̀rọ̀ náà kọjá ààlà. Wọ́n ní àwọn ń gbóòórùn àlùbọ́sà nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bá gbóná. Gbogbo wa ló fimú fínlẹ̀ títí, a ò gbóòórùn nǹkan kan. Bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ní bóyá inú imú wọn ló wà. Ìyẹn náà gba èébú Haúsá. Láti ìgbà náà, ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti wẹ ara wọn tán, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú fọ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá gbé garawa omi méjì dà lé e lórí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe é. Wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ pé, "Bí mo ṣe wẹ̀ fún Jímọ̀, kí ìwọ náà wẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. A máa ń gbéra lọ sí mọ́sálásí láyọ̀ ní Jímọ̀, kó tó di pé a rìn jìnnà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á gbọ̀n rìrì, á sì kú. Àwọn tó ń lọ kírun á ká agbádá funfun wọn sókè, wọ́n á máa tì í. Ó ti wọ́pọ̀ débi pé àwọn kan a máa dúró de bàbá wa ní ìkòríta, wọ́n ti ká apá aṣọ wọn sílẹ̀. Ní Sátidé, á ṣì máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó bá di Mọ́ńdè, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tí ń ta irú ọkọ̀ náà, tó sì ń tún un ṣe, máa ń tún ṣí, bàbá wa á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Ilé iṣẹ́ yìí wà lódì kejì afárá. Bàbá wa kò gbà kí mẹkáníìkì abẹ́ igi kankan fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára àwọn ti ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ìmọ̀ wọn, pé wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó di ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú ni. Èmi ni wọ́n máa ń mú dání lọ síbẹ̀. Mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà nígbà náà, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá á mọ bí a ṣe ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo ń gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọkọ̀ yẹn débi pé ọ̀gá mi bi mí bóyá ọkọ̀ náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Kàmọ́rù ni wọ́n yan fún ọkọ̀ wa níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó háyà yàrá kan fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní Olówógbowó. Ó gbìyànjú lórí ọkọ̀ yẹn. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà, ó pààrọ̀ ohun tó ń fa epo, ó wà á yí ká àdúgbò ní Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè, ọkọ̀ náà ń lọ geere. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Jímọ̀, ó kú. Kàmọ́rù bi bàbá wa pé ṣé wọn kì í gba inú àgbàrá òjò kọjá. Wọ́n ní láéláé. Òótọ́ sì ni. Ó wá bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ni wọ́n máa ń ṣe sí ọkọ̀ náà kó tó di pé wọ́n gbé e jáde ní Jímọ̀. Bàbá wa gbà pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ìrun ni mo máa ń lọ kí. Ìwọ ńkọ́?"

Èmi pàápàá jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ìbéèrè náà, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti dárúkọ garawa. Ní ilé wa, wíwẹ ẹ́ńjìnnì ní Jímọ̀ kò yàtọ̀ sí gbígbálẹ̀. Ta ni yóò lọ ròyìn fún mẹkáníìkì pé a gbálẹ̀?

Nígbà tó yá, bàbá wa ti rò ó dé ibi tí kò yẹ. Ọkọ̀ tó bá dára ní Mọ́ńdè, tó dára ní Túsìdeè, tó wá bàjẹ́ bó bá ti padà sílé tán, àfi kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ṣe é. Wọn kò sọ èrò yìí fún ẹnikẹ́ni nínú wa. À bá ti mọ̀, ì bá ti dáa.

Ní Mọ́ńdè kan, a dé ilé iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn ńlá láti Ìkòyí sì jókòó tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tiwọn. Máníjà jáde wá kí bàbá wa. Wọn kò jẹ́ kó kí wọn tán tí wọ́n fi na ọwọ́ sí Kàmọ́rù níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní olè ni. Wọ́n ní ó ń yọ ojúlówó pààtì lára ọkọ̀ wọn, ó ń fi ògbólógbòó dípò rẹ̀, kí ọkọ̀ náà má bàa yé padà wá. Máníjà bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Bàbá wa gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní wáláì, ó dá wọn lójú. N kò gbọ́ kí wọ́n búra rí láyé mi, wọn kì í búra lórí àlùbọ́sà pàápàá, níbi tí gbogbo ọlọ́jà ti ń búra. Kàmọ́rù kò jà, kò sì pariwo.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti fi Ọlọ́run búra o."

Máníjà ní kí Kàmọ́rù bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Ó ní àwọn ọ̀gá yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, bí wọ́n bá sì gbà pé ó jalè, wọn yóò lé e, wọn yóò tún fà á fún ọlọ́pàá. Kàmọ́rù ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e sórí àga, ó jáde. Bí a ṣe ń padà bọ̀ lórí afárá, ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Olówógbowó ni mo ń rò.

Ní àfẹ̀mọ́jú Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá arúgbó kan tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwa jáde láyé. Omi ẹ̀rọ kò yọ láti àná, ìwọ̀nba omi tó wà nínú ilé la kó jọ fún wíwẹ òkú àti fún àwọn tó ń wá báni kẹ́dùn. Bàbá wa fi garawa tiwọn méjèèjì sílẹ̀. Omi búútà kan ni wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe sí ara wọn. Ọkọ̀ kò rí omi kankan. Wọ́n fi gbé àwọn ọmọ olóògbé lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n padà wá gbé àwọn àgbà mìíràn, wọ́n tún fi lọ kírun Jímọ̀. Àwọn tó máa ń bá wa ti ọkọ̀ dúró ní ìkòríta wọn, wọ́n ń wò wá bí a ṣe ń kọjá.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo rí i pé bàbá wa ṣì jókòó níwájú ọkọ̀, wọn kò bọ́ sílẹ̀. Mo gbé omi tútù lọ bá wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni a kò ṣe lónìí tí a máa ń ṣe. Mo ní a kò wẹ ọkọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà yé èmi náà. Wọn kò mu omi náà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, omi ẹ̀rọ ti yọ. Bàbá wa pọn omi fúnra wọn, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n da omi lé ẹ́ńjìnnì lórí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n wọlé, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí erùpẹ̀ tàwọn ti jalàbíà funfun. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tí wọ́n jẹ́ kí aṣọ wọn dọ̀tí. Wọ́n ní, "Mo ba èèyàn jẹ́, mo tún fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí."

Àwọn ọmọ wọn péjọ. Bàbá mi ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí máníjà pé wọ́n ti pa ẹjọ́ náà tì, kí wọ́n má sọ ìdí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n lọ bẹ Kàmọ́rù nílé ní bòókẹ́lẹ́, pé Alájì tó ti lọ sí Mẹ́kà kò gbọ́dọ̀ lọ máa tẹ́ ara rẹ̀ níwájú àwọn ará Ìkòyí. Ìmọ̀ràn náà kò burú, èmi pàápàá ì bá gbà á. Alájà ló wà lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò gbójú sókè. "Gbangba ni ẹ ti pè é lólè, Alájì."

Bí a ṣe jí ní Mọ́ńdè, Olówógbowó la kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìyàwó Kàmọ́rù rí wa, ó ki ọmọ mọ́lẹ̀, ó wọlé, nítorí ó rò pé ọlọ́pàá la mú wá. Kàmọ́rù jáde. Bàbá wa sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó bá wọn dé ibi iṣẹ́, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un níbẹ̀ ju pé kí wọ́n sọ òótọ́. Ó ronú díẹ̀, ó wọ ọkọ̀. A kọjá afárá, a dé ilé iṣẹ́ náà.

Àwọn tó ń retí ọkọ̀ wà níbẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Bàbá wa ní kí wọ́n fún àwọn ní garawa omi kan. Máníjà rò pé wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbé omi náà, wọ́n dà á lé ẹ́ńjìnnì lórí níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ tó gbé wa débẹ̀ geere wúkọ́, ó sì kú. Kàmọ́rù ti sún mọ́ ọn kí n tó mọ̀, ó ti ń yọ ìdérí ibi tí iná ti ń pín lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ìdérí náà ti gbó, ó ti sán, omi sì wà nínú rẹ̀. Tí ó bá ti gbẹ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé omi wọ ibẹ̀ rí.

Bàbá wa ṣí fìlà wọn. Orí wọn funfun báláú, n kò sì rò pé àwọn ará òde ti rí i rí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ń ba ọkọ̀ mi jẹ́. Ọkùnrin yìí ò jí nǹkan kan. Orí irọ́ ni mo búra." Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọmọ Yorùbá ṣe máa ṣe bí àgbà bá ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọ́n gbé e dìde. Máníjà dá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un níbẹ̀, ó sì ní kò sí ẹjọ́ mọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù gbá aṣọ iṣẹ́ náà mọ́ àyà, kò wọ̀ ọ́. Ó ní iṣẹ́ ti padà, ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé tó wà nílé àwọn ló ti gbọ́ pé olè ni, ìyàwó òun kì í lè lọ sídìí ẹ̀rọ omi mọ́. Bàbá wa kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọkọ̀ ti kú, takisí la wọ̀ padà sí Olówógbowó. Bàbá wa dúró láàárín àgbàlá, fìlà lọ́wọ́, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti garawa, ti ọṣẹ dúdú, ti ìbúra. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, bàbá wa jẹ́ kí wọ́n rín in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Kàmọ́rù pé kó dárí ji àwọn.

Kàmọ́rù ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wa gba ààwẹ̀ ìtánràn nítorí ìbúra náà. Kàmọ́rù fi ìdérí tuntun sí i, ọkọ̀ náà sì ń lọ láìsí wàhálà títí di òní. Kàmọ́rù náà ló ń tún un ṣe ní gbogbo àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Á kí bàbá wa dáadáa, á ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é wá jẹun ọdún, á ní iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dun bàbá wa, wọn kò sì bínú. Ìgbà kan tí mo ní Kàmọ́rù ń ṣe àṣejù, wọ́n dá mi lẹ́kun kíá. "Ẹ̀bẹ̀ ni tèmi, Ṣìdí. Ìdáríjì, tirẹ̀ ni."

Nígbà tí ara wọn kò yá mọ́, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọmọkùnrin yẹn sọ nǹkan kan. Mo ní rárá. Mo ń gbèrò láti lọ pè é wá ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá wa kò dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n kírun Àsùbáà lórí ìjókòó, wọ́n fara ti ògiri, ó tán. Pé Kàmọ́rù kò tíì dárí jì wọ́n ló gba ọkàn mi nígbà tí àwọn yòókù ń sunkún. Omijé kò tilẹ̀ jáde lójú mi.

Iwájú ilé la ti kírun sí wọn lára. Àwọn ọkùnrin tò lẹ́yìn Ìmáámù títí dé òpópónà, àwa obìnrin wà lókè lójú fèrèsé, Alájà sì di ọwọ́ mi mú. Kí Ìmáámù tó bẹ̀rẹ̀, ó bèèrè, bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè, pé ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, tàbí tó ní ohunkóhun sí olóògbé lọ́kàn, kó sọ ọ́ báyìí. Ìlà kejì ni mo ti rí Kàmọ́rù. Ó jáde síwájú.

Alájà fún ọwọ́ mi débi pé ìka ń dùn mí. Kàmọ́rù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó ní bàbá yìí pe òun lólè nígbà kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bàbá mi sì ti ń rìn bọ̀ láti dá a dúró. Kàmọ́rù kò wo ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Wọ́n wá sí ilé mi, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ló ṣẹ̀. Bàbá tó bí mi ò ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì wọ́n. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Ìmáámù ṣe àmín. Kàmọ́rù padà sáàárín àwọn èèyàn. Ẹkún tí n kò rí sun láti àárọ̀ wá bú jáde lẹ́nu mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ẹkún ìtura ni. Alájà tú ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n na ara síta lójú fèrèsé, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn tó dúró nísàlẹ̀ pé, "Ẹ máa gbé wọn lọ."